Áńkáṣífù Tí Mo Fi Nu Nọ́ńbà Ọkọ̀ Mi

Títí di òní yìí, bí mo bá yọ áńkáṣífù lápò nínú ilé mi, ẹnìkan yóò ṣáà rẹ́rìn-ín, n kì í sì í béèrè ìdí.

Ẹ ó rántí pé ọdún 2011 ni wọ́n gbé nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun jáde ní Nàìjíríà, èyí tó gbé lẹ́tà mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀ tó máa ń wà ní ìparí tẹ́lẹ̀ wá síwájú. Ti àtijọ́ ṣì ni tèmi, KJA rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá bí àgbà tó pẹ́ dé òde. Ìyàwó mi ní kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀, mo ní ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò sí agbára lábẹ́ òfin láti fi dandan mú awakọ̀ gba nọ́ńbà tuntun náà. Mo gé ìròyìn yẹn kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo ní kí wọ́n bá mi lámínéètì rẹ̀, mo sì ń gbé e kiri nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé oǹdè. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ mi nígbà náà, kí ẹ tó de bẹ́líìtì tán, mo ti kà á fún yín dé ìdajì. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni kí n tún ra ìwé ìròyìn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2015, a ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, mo sì gbé agbádá funfun kan wọ̀ tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà pípẹ́. Ó ku díẹ̀ kí a dé Ṣàgámù ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan nawọ́ dá wa dúró. Àyà mi kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni inú mi wá ń dùn, irú inú dídùn tí ọmọ ilé ìwé tó ka orí kan ṣoṣo máa ń ní nígbà tí gbogbo ìbéèrè bá jáde láti inú orí náà. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ kú ìrìn o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo…” N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú lámínéètì mi.

Mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa ilé ẹjọ́ rí. Mo ka ìdájọ́ náà fún un, mo sì dúró díẹ̀ níbi tó yẹ kó ti dùn ún jù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ bo nọ́ńbà ẹ̀yìn débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ni tàbí ti tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí èmi kò rò ó lọ́jọ́ náà. Mo fa áńkáṣífù yọ, mo lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì ń nu ẹrẹ̀ náà kúrò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ pé kó wò ó dáadáa, pé n kò ní ohunkóhun tí mo ń fi pamọ́.

Ó fi sùúrù dúró títí mo fi nu A tó kẹ́yìn tán. Ó wá ní, “Bàbá, agbádá yín ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ilẹ̀kùn há a mọ́ ìta, ó ń gbá títì bọ̀.”

Mo wo ara mi. Apá òsì agbádá náà ti di àwọ̀ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Ọkùnrin náà gba lámínéètì lọ́wọ́ mi, ó kà á dé òpin, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. “Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti fagi lé èyí, sà. Nọ́ńbà tí ẹ sì nu yìí, mo rí i báyìí.” Ó kọ ìwé ìtanràn fún mi, ó tún bá mi ká agbádá náà kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè wọ inú.

Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń bí mi nínú. Lóyà kan wà tí a jọ ń ṣọ̀rẹ́, ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo ka ìròyìn yẹn fún un nínú ọkọ̀, ó sì ń mirí bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Mo pè é láti ibi ìgbéyàwó náà pé ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní ó mọ̀. Ó ní ohùn mi máa ń dùn létí òun ni bí mo bá ń kà á, pé òun kò fẹ́ kí n dákẹ́.

Nọ́ńbà tuntun ti wà lára ọkọ̀ báyìí, KJA ti dé iwájú. Ìyàwó mi ló ń lo lámínéètì náà, ó máa ń gbé ife omi tútù lé e lórí tábìlì, ó ní wọ́n ṣe é dáadáa, omi kò wọ inú rẹ̀ rárá.