Ìwé Kíká, Kì í Ṣe Ìwé Kíkà: Ìṣirò Inú Ẹyẹ Tsuru

Ohùn orí fáwẹ́lì kan péré ló ya ìwé kíká sọ́tọ̀ lára ìwé kíkà. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, tsuru, ẹyẹ tí àwọn ará Japan máa ń fi ìwé ká, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹyọ ìwé kan, kò sí gọ́ọ̀mù.

Ìwé A4 fẹ̀ ní mílímítà 210, ó sì gùn ní 297. Ẹ ká igun kan wá sí etí kejì, kí ẹ gé mílímítà 87 tó ṣẹ́ kù dànù. Ẹ má tíì kọjá ibẹ̀ o. Ẹ tú ìwé náà, kí ẹ gbé etí gígùn A4 mìíràn lé ìlà tó lọ láti igun dé igun: wọ́n á bá ara wọn mu rẹ́gí. Ẹ fi 210 pín 297, 1.414 ló máa jáde. Gbòǹgbò 2 nìyẹn, ó wà lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ ká ìlà igun-dé-igun méjèèjì sí ojú kan, ẹ yí ìwé padà, kí ẹ wá ká a sí méjì lóròó àti ní ìbú. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, yóò di onígun mẹ́rin kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 105. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ìdá mélòó ìwé àkọ́kọ́ ni. Púpọ̀ wọn á ní ìdajì, torí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń wò; ojú ìwé (210 × 210) tó jẹ́ 44,100 di 11,025, ìdá mẹ́rin ni. Ìlà mẹ́jọ ló pàdé láàárín ìwé, ṣùgbọ́n mẹ́fà péré ló ń ṣiṣẹ́ níbi tó ti palẹ̀ yìí: mẹ́rin yọ bí òkè, méjì wọlé bí àfonífojì. Òfin Maekawa, òfin kan nínú ìṣirò ìwé kíká, ni pé níbikíbi tí ìlà bá ti pàdé tí ìwé sì palẹ̀, ìyàtọ̀ iye òkè àti iye àfonífojì gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.

Ẹ wá ká etí méjèèjì sí ìlà àárín, láti ẹnu tó ṣí. Dígírì 90 ti di 45, ó tún di 22.5, láìsí ohun ìwọngun. Ẹ ká onígun mẹ́ta kékeré òkè sílẹ̀, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tó ṣí etí wọ̀nyí, kí ẹ sì fa ìpele iwájú sókè. Ẹni tó bá fo èyí ni ìwé rẹ̀ máa ń ya. Ẹ ṣe ẹ̀yìn bákan náà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù nìyí: wọ́n máa ń tún apá òdì ká tín-ín-rín. Ìdí tó là sí méjì ni ọrùn àti ìrù, òun ni ká ká. Ẹ fi àlàfo mílímítà 1 sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà àárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn ò ní ráyè yí sókè.

Tancho ni ẹyẹ gidi tí àwòrán yìí ń tọ́ka sí. Ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé ó ti tán ní Japan, àfi ní 1924 tí wọ́n rí díẹ̀ nínú irà Kushiro, ní Hokkaido. Ó ti lé ní 1,000 níbẹ̀ báyìí. Ìyẹ́ rẹ̀ nínà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 240. Bí ti ìwé bá jẹ́ 20, ìwọ̀n 1 sí 12 nìyẹn. Kí ọmọ fi wá iye tí gíga ẹyẹ gidi, tó tó sẹ̀ǹtímítà 150, máa jẹ́ ní ìwọ̀n yìí.

Tí ẹ bá fẹ́ kùn ún, àtàrí pupa, ọrùn dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ má kun ìrù ní dúdú: funfun ni. Ìyẹ́ apá tó súnmọ́ ara ló dúdú, òun ló máa ń bo ìrù nígbà tí ẹyẹ bá dúró.