Iṣẹ́ máàpù ní ilé iṣẹ́ agégi: ṣé kí n gbà á ni?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ sọ níwájú gbogbo ẹ̀ka wa pé láti ọjọ́ náà lọ, kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbé fóònù tí àwọn oníbàárà bá pè, nítorí pé wọn kì í gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rín ló tilẹ̀ rín, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín níbí bí wọ́n bá fẹ́ kí ìwọ̀sí dà bí oore. Mo ní ó dára. Láti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń sọ èdè òyìnbó, òun ni mo fi kọ́ iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, òun náà ni mo fi gba físà. Houston ni mo dé kí n tó gbọ́ pé kò tíì jinná.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí ímeèlì kan tí mo ti pa tì. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná gé igi ló fi ránṣẹ́. Ẹni tó mọ máàpù yà lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ máa san owó tó fi dọ́là 5 ju èyí tí mo ń gbà ní wákàtí kan lọ. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé agégigẹdú ni o wá fẹ́ lọ yà ní Amẹ́ríkà? Ṣé igi ti tán ní Oǹdó ni?" Màámi gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, kí n sáà ṣèlérí pé n kò ní gun igi kankan.

N kò bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn, nítorí pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Nílé, bí ẹ̀ka máńgòrò bá kan wáyà, ọ̀rọ̀ àdúgbò ni: a ó dá owó jọ, a ó wá ọmọkùnrin kan tó ní àdá, yóò sì gun igi náà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ pé NEPA ti mú iná lọ láti àná, kò sì sí ìdí pàtàkì kan tí wọn yóò fi dá a padà lónìí. Níbí, iná kì í sábà lọ, àwọn onílé sì ti gbàgbọ́ pé kò yẹ kó lọ rárá, nítorí náà igi di ọ̀tá tí wọ́n ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, àwọn wáyà ńlá kan ní Ohio sọ̀ kalẹ̀ kan igi tí ẹnikẹ́ni kò gé lábẹ́ wọn, kọ̀ǹpútà tó yẹ kó kìlọ̀ sì ti dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iná ti lọ lọ́wọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 èèyàn, títí dé Ontario ní Kánádà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2005 ló mú kí bíbójú tó igi lábẹ́ àwọn wáyà ńlá di dandan, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè ju mílíọ̀nù dọ́là 1 lọ lójúmọ́. Ibẹ̀ ni owó tí wọ́n fẹ́ máa san fún mi ti ń wá.

Àwa tí a wà ní Houston ní oṣù Keje ọdún 2024 kò nílò ìtàn Ohio. Ìjì Beryl wó igi lé wáyà káàkiri, àwọn oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ni iná lọ lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn sì wà nínú ooru yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Aládùúgbò mi òyìnbó, tí kì í kí mi, wá bi mí bí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀. Mo kọ́ ọ bí ọ̀jọ̀gbọ́n: ibi tí wọ́n ń gbé e sí kí èéfín rẹ̀ má bàa pa ọmọ nínú ilé, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kí wọ́n tó tan fíríìjì. Lọ́jọ́ tí iná dé, àwọn ọmọ mi tí wọn kò tíì dé Nàìjíríà rí pariwo "Up NEPA!" tí gbogbo àdúgbò fi ń wò wá. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì wọ inú yàrá lọ jókòó, nítorí pé ẹ̀rín náà kò dúró sí ibi tó yẹ kó dúró.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wù mí. Ènìyàn á máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé fídà kan, ìyẹn wáyà tó ń pín iná kiri àdúgbò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á máa fi irú igi kọ̀ọ̀kan, gíga rẹ̀ àti àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti wáyà sórí máàpù, á sì ṣírò bí ẹ̀ka yóò ti gùn tó kí àwọn agégi tó tún yípo dé ibẹ̀. Fún àwọn wáyà ńlá, bàálù á fò kọjá lókè pẹ̀lú LiDAR, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn àlàfo náà, ẹni tó wà ní ọ́fíìsì á sì fi ArcGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, yọ ibi tí ewu wà síta. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Ọ̀yọ́ ni n kò tíì lò láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí yóò lo gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì náà pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìta ni mo máa wà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò àtijọ́ ní Houston, ẹ̀yìnkùlé ni wáyà ń gbà kọjá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ wo igi gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún onílé, tàbí kó ṣí géètì wọlé bí kò bá rí ẹnikẹ́ni. Ẹnu tí wọ́n ní kí n pa mọ́ ní ọ́fíìsì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ kí n máa gbé dé ojú ilẹ̀kùn àwọn àjèjì. Ní Ìkòròdú, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti fi igi lé wa kúrò lórí ilẹ̀ tí a wá wọ̀n, síbẹ̀ àgbàlagbà kan nínú wọn bi mí pé ọmọ ta ni mí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti rọ̀. Ta ni yóò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn ní Texas, níbi tí ìbọn pọ̀ nínú ilé? Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25, ń sáré jẹ́jẹ́ ní àdúgbò kan ní Georgia. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun mẹ́ta fi ọkọ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn sì yìnbọn pa á. Ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, wọ́n sì ń padà sílé láyọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò fún mi ní ẹ̀wù tí ń dán àti káàdì. Ìyàwó mi sọ pé ọ̀nà jíjìn kọ́ ni ènìyàn ti ń ka káàdì.

Ọ̀rọ̀ ìjì náà wà níbẹ̀. Bí ìjì bá jà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n lè kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, a kò sì ní ìyá àgbà nítòsí tí yóò bá wa sun ti àwọn ọmọ.

Mo ti fèsì lówùúrọ̀ yìí. Mo bèèrè bóyá wọ́n lè fi mí sí iṣẹ́ LiDAR ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ kìíní. Bí ìta bá jẹ́ dandan, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹnìkejì tí a ó jọ máa rìn, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn onílé kí a tó dé. Bí wọ́n bá gbà, n ó fi ọ́fíìsì wa sílẹ̀ ní ìparí oṣù. Bí wọ́n bá kọ̀, n kò ní lọ, ṣùgbọ́n n ó máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, pàápàá ní Georgia tàbí ní Texas níbí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ sọ bí onílé bá ṣí ilẹ̀kùn?