Wáyà tó ń kàn tó ń já: àpótí àyẹ̀wò fún synthesizer modular

Lórí synthesizer modular, ẹ̀rọ orin oníná tí a ń fi wáyà so àwọn ẹ̀yà rẹ̀ (module) pọ̀, wáyà tó já pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ohùn kò jáde, a yọ ọ́, a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Èyí tó ń jẹ àkókò ni èyí tó ń kàn tó ń já: ó dára nígbà tó nà gbọọrọ lórí tábìlì, àmọ́ bó bá ti tẹ̀ láàárín module méjì, ohùn á máa ta pàràpàrà, tàbí kí oscillator (module tó ń dá ohùn sílẹ̀) máa yí ohùn padà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àpótí àyẹ̀wò wáyà tó kàn ń tan iná kan ṣoṣo kò lè mú irú wáyà bẹ́ẹ̀. Apá méjì ló yẹ kí àpótí náà ní, ẹ̀kejì ló sì gba ọkàn mi jù lónìí.

Wáyà Eurorack, oríṣi synthesizer modular kan, ni mò ń sọ, èyí tó ní plug mono 3.5 mm ní orí méjèèjì: ṣóńṣó plug ń gbé sígínà lọ, ara rẹ̀ sì ni ọ̀nà àbọ̀. Bó bá jẹ́ ti synthesizer Moog ńlá tó ń lo 6.35 mm, jack (ihò tí plug ń wọ̀) nìkan ni ká pààrọ̀. Wáyà banana ti synthesizer Buchla àti Serge kò ní ọ̀nà àbọ̀ nínú, nítorí náà àpótí yìí kò bá a mu.

Apá kìíní gba jack méjì, LED (iná kékeré) pupa kan, LED aláwọ̀ ewé kan, resistor (èròjà tó ń dín iná kù) 2.2 kΩ méjì, bátìrì 9 V, àti bọ́tìnnì kan, irú èyí tó máa ń já nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Láti pọ́sítíìfù bátìrì, wáyà kan lọ tààrà sí ṣóńṣó jack kìíní. Òmíràn gba inú bọ́tìnnì kọjá sí ara jack náà. Ní jack kejì, ṣóńṣó lọ sí resistor tirẹ̀, láti ibẹ̀ sí LED pupa, ó parí sí nẹ́gétíìfù. Ara jack kejì gba resistor kejì àti LED ewé lọ sí nẹ́gétíìfù bákan náà. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ni kó kọjú sí resistor. Nǹkan bí 3 mA ni LED pupa yóò máa gbà, ó sì tó fún ojú láti rí.

Bí wáyà bá wọlé tí iná méjèèjì tàn, kò sí ibi tó já. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì: LED ewé gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, wáyà ti bríìjì, ìyẹn ni pé ṣóńṣó àti ara ti kan ara wọn. Bó bá jẹ́ pupa ló kú tí ewé ṣẹ́ kù, ẹni tó fi lẹ́ẹ̀dì jó plug náà mọ́ wáyà ti gbé ṣóńṣó sí ipò ara ní orí kan. Ẹ jẹ́ kí plug wọlé tán kí ẹ tó ka iná, torí bó ṣe ń wọlé, ṣóńṣó rẹ̀ máa ń fara kan irin ara jack, ìyẹn sì lè dà bí bríìjì.

Ohun tó máa ń ba apá yìí jẹ́ ni ibi tí wọ́n fi resistor sí. Ó máa ń wuni láti fi resistor kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá bríìjì, LED méjèèjì yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí resistor kan náà. LED pupa ń fẹ́ nǹkan bí 2 V, ewé tòde òní ń fẹ́ bíi 3 V. Pupa yóò gba gbogbo iná náà, ewé yóò kú, wáyà tó bríìjì á sì wá dà bí èyí tó dára. Kí LED kọ̀ọ̀kan ní resistor tirẹ̀, kò sí àbùjá níbẹ̀.

Àpótí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ike. Nọ́ọ̀tì jack àti ara rẹ̀ so pọ̀, nítorí náà páànù irin yóò so ara gbogbo jack pọ̀, a ò sì ní mọ̀ láéláé pé ọ̀nà àbọ̀ wáyà kan ti já. Jack tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó máa ń yà kúrò lára ṣóńṣó nígbà tí plug bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Apá kejì wà fún títẹ̀ wáyà. Wáyà lè já fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tún kàn, ojú kò ní rí i lára LED. A nílò ohun tó ń rántí, IC (èròjà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlá) CD4013 sì tó fún un. Nẹ́gétíìfù lọ sí ṣóńṣó jack kẹta. Ní jack kẹrin, ẹ jó ṣóńṣó àti ara pọ̀ mọ́ra wọn. Ara jack kẹta lọ sí ẹsẹ̀ 6 IC, pẹ̀lú resistor 100 kΩ láti ẹsẹ̀ 6 sí pọ́sítíìfù. Báyìí, iná ń gba ṣóńṣó lọ, ó ń gba ara bọ̀. Èyíkéyìí tó bá já nínú méjèèjì, ẹsẹ̀ 6 á gòkè, LED tó wà lórí ẹsẹ̀ 1 pẹ̀lú 4.7 kΩ á tàn, kò sì ní kú títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì ìpadà. Bọ́tìnnì yẹn wà láàárín pọ́sítíìfù àti ẹsẹ̀ 4, pẹ̀lú 100 kΩ láti ẹsẹ̀ 4 sí nẹ́gétíìfù. Ẹsẹ̀ 14 jẹ́ pọ́sítíìfù, 7 jẹ́ nẹ́gétíìfù, kapasítọ̀ 100 nF láàárín wọn. Ẹ jó ẹsẹ̀ 3, 5, 8, 9, 10 àti 11 mọ́ nẹ́gétíìfù. Bí wọ́n bá ń rọ̀ dirodiro, ariwo iná tó wà nínú afẹ́fẹ́ lè mú kí IC máa ṣe bó ṣe fẹ́. Ẹ fi súìṣì sí apá yìí, torí LED rẹ̀ máa ń tàn nígbà tí kò sí wáyà kankan. Apá kìíní kò nílò rẹ̀.

Apá kìíní ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, torí bríìjì máa ń bo jíjá mọ́lẹ̀ ní apá kejì. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpadà, ẹ tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ọrùn plug, ẹ fà á díẹ̀, ẹ yí plug nínú jack. Ọrùn plug ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń já. Ẹ má sì ki wáyà tí orí kejì rẹ̀ ṣì wà lára synthesizer bọ̀ ọ́, torí 9 V yóò lọ tààrà sínú module.

Ohun kan wà tí LED kò lè sọ. Bí ìfarakàn kan bá dọ̀tí débi pé ó ní 1 kΩ, LED pupa yóò gba nǹkan bí 2.2 mA dípò 3.2 mA, ojú kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí module tó ń gba fóltì bá ní 100 kΩ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, 5 V yóò sọ nǹkan bí 50 mV nù. Níbi tí 1 V jẹ́ octave kan, ohùn kan sí èyí tó tẹ̀ lé e (ìdá kan nínú méjìlá octave) jẹ́ 83.3 mV, nítorí náà ohùn yóò wálẹ̀ ju ìdajì àlàfo yẹn lọ. Fún wáyà tó ń gbé ohùn oscillator, mítà ni kí ẹ fi wò ó: ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn, ẹ yọ iye yẹn kúrò, ìyókù kò gbọdọ̀ tó 1 Ω.

Plug tí wọ́n ti fi ike bò pa kò ṣeé ṣí. Ẹ gé e, ẹ jó tuntun. Ẹ lọ́ okùn tín-ín-tín ti ọ̀nà àbọ̀ pọ̀ dáadáa kí lẹ́ẹ̀dì tó kàn án, torí ẹyọ kan tó bá yà ni bríìjì ọjọ́ iwájú. Kí ẹ sì ti fi ìdérí plug sára wáyà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.