Ìdin tó ń wo egbò sàn
Ọ̀rọ̀ ìdin ni mo gbé dé o, tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́ ẹ jẹ tán ná. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, dókítà Amẹ́ríkà kan, William Baer, rí sójà méjì tó ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun fún ọjọ́ méje, ìdin ti kún ojú egbò wọn, ó fọ̀ ọ́ kúrò, ó rò pé ọyún lòun máa bá, àfi ẹran pupa tó ń jinná bọ̀! Àṣé itọ́ ìdin yẹn ń pa bakitéríà. Lọ́dún 2010 ni wọ́n yọ èròjà apabakitéríà kan tó ń jẹ́ lucifensin jáde lára ẹ̀, àwọn bakitéríà bíi Staphylococcus ló ń bá jà. Tó bá jẹ́ inú ìgò ni wọ́n rọ èròjà yẹn sí, mo gbà, ṣùgbọ́n kí ìdin máa rìn wúyẹ́wúyẹ́ lára mi? Háà, ẹ jẹ́ n rò ó ná.