Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́ta Ni Mò Ń Wá

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tí ilé ẹ̀kọ́ wa ti gba ìsinmi, ìwé ìwáṣẹ́ 19 ni mo sì ti fi ránṣẹ́. Ibi méjì péré ló dáhùn. Ọ̀kan ní kí n má bínú. Èkejì ní kí n wá ṣe ìdánwò kọ̀ǹpútà.

Mo lọ. Ọ̀rọ̀ 41 ni mo tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, inú mi sì ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ìró ọwọ́ bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ńṣe ló ń rọ̀ bí òjò! Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó fún ọdún 22 kí ibi iṣẹ́ wọn tó dín òṣìṣẹ́ kù. Èmi àti wọn la wá jọ ń du iṣẹ́ fáìlì títò. Ojú tì mí díẹ̀, mi ò mọ ìdí.

Obìnrin tó ń gba orúkọ wa sílẹ̀ ní bí ọrọ̀ ajé bá fẹ́ gbérí, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni iléeṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ gbà, torí ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n láti gba ẹni tí yóò pẹ́. (Àwa náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ lé. Ìyẹn ò tẹnu ẹ̀ jáde.)

Bàbá yẹn ló ní kí n yọ “oṣù mẹ́ta” kúrò nínú ìwé mi, kí n kọ ọ́ pé mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, títí kan iṣẹ́ alẹ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù mi rèé níwájú mi, mo ti yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin.