Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó gbé mi dé kóòtù

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ìwé títẹ̀, fọ́tò kọ́pì, fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní ọdún 2016, ọmọ ìyá oníṣu tó wà lódìkejì títì mú èsì WAEC rẹ̀ wá. D7 ló gbà nínú Ìṣirò, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ wọ̀ sì ní C6 ni òun ń gbà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tún un ṣe. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan péré ni."

Mo fi skánà gbé ìwé náà wọ kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ títí D náà fi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo da C6 tó gbà nínú Yorùbá kọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú Ìṣirò. Ibi tí mo ti pa D rẹ́ funfun ju àyíká rẹ̀ lọ, ó sì tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó rí àwọ̀ tó bá a mu. Ká sòótọ́, iṣẹ́ náà wù mí. Ó san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.

Àwa méjèèjì ò rántí pé èsì WAEC wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ náà ra káàdì àyẹ̀wò, wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, D7 yọjú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọlọ́pàá fi dé. Ọmọ náà ló mú wọn wá, kò lè wò mí lójú. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà, skánà àti pírìntà lọ. Fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀, "WAEC tuntun" ni mo sọ ọ́.

Mo sun àtìmọ́lé fún alẹ́ mẹ́ta. Gbogbo ohun tí mo ń wí ni pé èmi kọ́ ni mo lò ó, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ṣe. Lọ́yà mi rẹ́rìn-ín. Ó ní abala 7 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ka ẹni tó ran ọ̀daràn lọ́wọ́ mọ́ ọ̀daràn gan-an. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi sì ni mo dúró nílẹ̀ gba epo. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló wà fún ayédèrú ìwé, àwọn ìwé mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún mẹ́ta náà ni ti olè jíjà. Àṣé ọgbọọgba ni èmi àti ẹni tó jí fóònù ní Dùgbẹ̀!

Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Adájọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ mi ni, ó bu owó ìtanràn lé mi. Kí ẹnikẹ́ni má fi ti Salisu Buhari tu ara rẹ̀ nínú o. Olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ni ní 1999 nígbà tí àṣírí ayédèrú sàtífíkéètì Yunifásítì Toronto rẹ̀ tú. Ìtanràn 2,000 náírà ni kóòtù bù fún un, Ọbásanjọ́ sì foríjì í ní 2000. Ta ni yóò foríjì mí? Fọ́ọ̀mù físà ìlú Ọba ń béèrè bóyá kóòtù ti dá mi lẹ́bi rí.

NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún wa, ló wá ń já mi láyà jù báyìí. Mo ra àkàrà lọ́jọ́ kan, ojú oníbàárà mi kan ló ń wò mí lára bébà tí wọ́n fi wé e, tòun ti nọ́ńbà NIN rẹ̀. Kọ́pì tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ni! Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ ṣe bí ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi jèrè, òfin Cybercrimes ti 2015, tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún, tàbí ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù méje náírà, tàbí méjèèjì. Tí ẹ bá ṣe kọ́pì, ẹ gba èyí tó bàjẹ́, ẹ fà á ya fúnra yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe àti ọjọ́ sára èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbikíbi.

Lánàá, ìyá kan mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wá, ó ní kí n yọ ọdún mẹ́ta kúrò. "Bọ̀dá, nọ́ńbà kan péré ni." Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi, mi ò ní lè ṣe é." Ó pòṣé, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró skánà wọn.