Tí àìsàn ńlá bá bá tọkọtaya nínú RV

Lọ́jọ́ tí dókítà bá sọ fún tọkọtaya tó ń gbé inú RV (ọkọ̀ tí a ṣe bí ilé, tí a ń wà tàbí tí a ń fà kiri) pé jẹjẹrẹ ni, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n lọ gba ilé. Ẹ má tíì tà á. Bẹ́ẹ̀dì tó ti mọ́ aláìsàn lára wà nínú rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí aláìsàn kò bá àlejò pín wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè wà á lọ sí tòsí ọsibítù. Àmọ́ RV kì í tọ́jú ara rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹnìkejì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ká ní Houston ní Texas, Amẹ́ríkà, lẹ wà, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wá sí ọsibítù jẹjẹrẹ MD Anderson, tí ooru oṣù kẹjọ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn lè pa AC. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ámpì 30 kò lè gbé ju wáàtì 3,600 lọ. AC orí òrùlé ń jẹ bíi 1,500, ẹ̀rọ amómigbóná bíi 1,400, maikirowéfù bíi 1,500, ẹ̀rọ ọ́síjìn onílítà 5 tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí, bíi 350. Ẹ ro ó pọ̀: ó ti lé ní 4,700. Brékà á já, ẹ̀rọ ọ́síjìn á sì dákẹ́ pẹ̀lú ìyókù. Ẹ má tan ẹ̀rọ amómigbóná tàbí maikirowéfù pẹ̀lú AC: ẹ pa AC fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀kan nínú wọn. Àyè ìgbọ́kọ̀sí ámpì 50 ní ibùdó RV ní wáyà iná méjì, ó lè gbé 12,000. Ṣùgbọ́n tí wáyà ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti ámpì 30, adápítọ̀ kò lè sọ ọ́ di 50.

Tí iná bá lọ ńkọ́? Bátìrì lithium 100 Ah kan lè gbé ẹ̀rọ ọ́síjìn yẹn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, nítorí ínfátà náà ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì mẹ́ta ló ń mú ènìyàn sùn mọ́jú. Bátìrì àtijọ́ olómi kò tó ìdajì ìyẹn, torí kò yẹ kí a lò ó kọjá ìlàjì. Ẹ béèrè sílíńdà ọ́síjìn kan lọ́wọ́ àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà wá, kí ó wà nílẹ̀ de ọjọ́ burúkú.

Ọ́síjìn kì í jó fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ń sọ iná kékeré di ńlá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà àti rọ́bà rẹ̀ jìnnà sí iná gáàsì tó mítà mẹ́ta. Inú RV kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ìta ni kí ẹ ti máa fi gáàsì dáná. Fíríìjì tó ń lo gáàsì náà ní iná tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀, orí iná mànàmáná ni kí ẹ fi í sí.

Fíríìjì yìí kan náà ló ń ba oògùn jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ fi sínú òtútù gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Tí ọkọ̀ bá dúró gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, fíríìjì onígáàsì kì í tutù dáadáa. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹ ilẹ̀ ọkọ̀ wò. Ẹ kó oògùn sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e sí àárín. Ibi tó kan irin òtútù lẹ́yìn lè mú un di yìnyín, oògùn tó bá sì ti dì, kódà bó bá yọ́, ó ti bàjẹ́. Tẹmọ́mítà tí ẹ lè kà láì ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì kò wọ́n.

Lẹ́yìn kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, oògùn náà ṣì ń jáde nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì fún bíi wákàtí 48. Ìbọ̀wọ́ ni kí ẹ máa fi fọ nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ da omi kún àwo ìgbọ̀nsẹ̀ dáadáa, kí ẹ dé e, kí ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Táńkì ẹ̀gbin á yára kún, ẹ má sì ṣí fáàfù rẹ̀ sílẹ̀: omi á ṣàn lọ, ìgbẹ́ á gan sílẹ̀. Tó bá kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kí ẹ ṣí i. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Fún táńkì omi mímọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́ọ̀bù blíìṣì tí kò ní òórùn dídùn, Jíìkì tí a mọ̀ nílé, ni kí ẹ pò mọ́ omi fún gálọ́ọ̀nù 15 kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ asẹ́ omi kúrò ná. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi títí òórùn rẹ̀ á fi jáde, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 12, kí ẹ wá ṣàn án dànù títí òórùn á fi tán. Síbẹ̀, omi inú ike ni kí aláìsàn máa mu.

Tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ẹ pe àwọn dókítà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ aago méjì òru. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nínú: orúkọ ibùdó, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àyè yín, kóòdù géètì, orúkọ àwọn oògùn. Áńbúláǹsì lè dé ẹnu géètì ibùdó kó má mọ ọkọ̀ wo ni.

Àkókò ìjì líle ní Houston ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. RV kì í ṣe ibi tí a ń dúró sí de ìjì; ẹnìkejì lè ní láti gbé e kúrò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí agbára ṣì wà lára aláìsàn, ẹ gbé àga sí ìta fún un. Kí ó máa tọ́ka, kí ẹ máa yọ wáyà, kí ẹ máa ká hóòsì, kí ẹ so RV mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á, kí ẹ wà á yí ibùdó ká. Ẹ tún un ṣe títí ẹ ò fi ní wojú rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó ṣe é.